Ẹ̀tọ́ Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

Ní Ìrẹ̀lẹ̀, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, màmá àgbàlagbà kan tí wọ́n jẹ́ ìbátan mi bi mí ní ìbéèrè kan. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ti dá ọmọ-ọmọ wọn padà sílé nítorí owó tí ilé kò rí san. Màmá ní, 'Ọ̀mọ̀wé, ṣebí ọ̀fẹ́ ni ẹ ní ó jẹ́?' Mo ní òfin wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á kí àwọn gbọ́.

Mo ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sí abala 18, mo ń kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ojú lámèyítọ́ mi là. Ohun tí abala náà ń wí ni pé ìjọba yóò gbìyànjú láti mú àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kúrò, àti pé nígbà tí ó bá ṣeé ṣe, yóò pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Onígbèsè ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn.' Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí kò fẹ́ dá ọjọ́ ni ó ń wí pé ó di ìgbà tí ọwọ́ òun bá tẹ owó. Láyé àtijọ́, ológò ni à bá rán sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó lọ jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi san án. Ṣùgbọ́n abala 6 ìwé kan náà ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ológò: kò gba ilé-ẹjọ́ láàyè láti dá ẹjọ́ lórí irú ìlérí yìí.

Àwọn ológò òde òní gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹgbẹ́ SERAP pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ ECOWAS. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, àwọn adájọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú Àdéhùn Áfíríkà, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, ṣeé pe ẹjọ́ lé lórí, ohun yòówù kí òfin ilé wí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, wọ́n ní kí ìjọba wá owó dí àlàfo tí jìbìtì dá sínú owó ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ LEDAP pè, Adájọ́ John Tsoho ní Abuja sọ pé òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ti ṣí ìlẹ̀kùn tí abala 6 tì. Òfin 2004 náà tilẹ̀ fi ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta lé ẹni tí ó bá gba owó ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ.

Mo kí àwọn agbẹjọ́rò wọ̀nyí. Ẹ̀sùn mi ni pé gbogbo iṣẹ́ náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì sọ fún Màmá. Èyí tí a sọ fún wọn láti oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ni 'ọ̀fẹ́'. Ètò náà dára (èmi náà jẹ nínú àǹfààní rẹ̀), ṣùgbọ́n orúkọ náà ń tan ni. Owó-orí àwọn òbí wa wà nínú rẹ̀. Ta ni ó wá fún ta ni lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tí ó rí ọ̀fẹ́ gbà ń dúpẹ́ ni. Bí ọwọ́ ọlọ́rẹ bá sì ká kò, yóò mí kanlẹ̀, yóò wá owó. A kì í bá ọlọ́rẹ ṣẹjọ́.

Màmá ní kí n kọ òfin ọdún 2004 náà sínú ìwé péńpé fún àwọn ní Yorùbá. Mo kọ ọ́. Ibi tí 'ọ̀fẹ́' ìbá wà, 'ẹ̀tọ́' ni mo kọ síbẹ̀. Wọ́n ká a, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni àwọn yóò mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí n má sì bá àwọn lọ.