Ìgò Ẹ̀pà Ju Páálí Mi Lọ

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé ẹ̀tàn lásán ni gbogbo páálí, ìgò àti agolo tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń di ọjà wọn. Ó ní ẹni tó bá gbọ́n, ohun tó wà nínú ló ń rà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Nígbà tó kà á sókè ní ìpàdé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi gan-an pàtẹ́wọ́. Àṣé mo ń pàtẹ́wọ́ fún èrò kan tó ti jẹ màámi lówó rí. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ní ẹ̀tàn ni páálí àti ẹni tó ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀tọ̀ ni inú, ọ̀tọ̀ ni ìta, pé èèyàn lè bọ́ ọ̀kan kúrò lára èkejì bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Mo fẹ́ fi nǹkan mélòó kan tí kò rí bẹ́ẹ̀ hàn yín. (Kò ní sí àwòrán o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀rọ fọtokópì wa máa ń sọ gbogbo àwòrán di àbàwọ́n dúdú. Ẹ fojú inú wò ó.)

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgò Coca-Cola, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní 1915, ọjà wọn ti ń tà gan-an ní Amẹ́ríkà, ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà tí orúkọ wọn jọ tiwọn, tí ìgò wọn náà rí gbọọrọ bíi tiwọn. Ni wọ́n bá ké sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìgò pé kí wọ́n wá díje. Ohun tí wọ́n béèrè ṣòro: ìgò tí èèyàn máa dá mọ̀ bó bá fọwọ́ kàn án nínú òkùnkùn, tó tún máa dá mọ̀ bó bá jẹ́ àfọ́kù rẹ̀ nìkan ló rí nílẹ̀. Iléeṣẹ́ Root Glass ní ìlú Terre Haute, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ló gbégbá orókè. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ sí ilé ìkàwé láti wá àwòrán ewé koka tàbí obì tí wọ́n lè wò yà. Wọn ò rí èyí tó wúlò. Àwòrán tó wù wọ́n níbẹ̀ ni ti èso kòkó, pẹ̀lú ilà gbọọrọ-gbọọrọ tó wà lára èèpo rẹ̀. Èyí ni Earl Dean wò tó fi ya ìgò náà.

Kòkó o! Kò sí kòkó kankan nínú ẹlẹ́rìndòdò yẹn. Àwa tí àwọn bàbá bàbá wa gbin kòkó ní Oǹdó àti Iléṣà, tí owó kòkó kọ́ Ilé Kòkó fún wa n'Íbàdàn ní 1965, à ń gbá ohun tó jọ èso kòkó mú nídìí tábìlì, a ò sì mọ̀. Ìgò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ikùn rẹ̀ tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ, kò lè dúró dáadáa lórí ẹ̀rọ, ni wọ́n bá dín ikùn kù. Inú mi dùn pé àṣìṣe ló bí i. Àmọ́ mi ò lè pè é ní ẹ̀tàn. Ìgò yẹn ò sọ pé ohun tó wà nínú òun dùn. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ, ọwọ́ wa ló sì ń sọ ọ́ fún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, láti 1956 ni wọ́n ti ń ta omi lẹ́mọ́ọ̀nù Jif nínú ike tó rí bíi lẹ́mọ́ọ̀nù gan-an. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Borden fẹ́ gbé tiẹ̀ jáde nínú ike tó jọ ọ́. Ẹjọ́ náà dé House of Lords ní 1990, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó máa ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà. Orúkọ tó wà lára bébà ike náà yàtọ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ gbà pé ẹni tó wá ra omi lẹ́mọ́ọ̀nù kì í dúró ka bébà. Ìrísí ló ń kà.

Èyí tó wù mí jù ni ti Naoto Fukasawa, ará Japan. Ní 2004, nínú ìpàtẹ kan tí wọ́n pè ní Haptic, ó gbé páálí omi èso wá. Páálí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló rí, ó ní igun bíi tiẹ̀, ó sì rí bákan náà lọ́wọ́. Ti kíwì ní irun lára. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, ọwọ́ mi ń yún mi, mo fẹ́ bó o. Àmọ́ ká má parọ́, gbọ̀ngàn ìpàtẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ibẹ̀ yàtọ̀ sí gáréèjì, níbi tí kọ̀ńdọ́ ti ń pariwo, tí oníbàárà sì ní ìṣẹ́jú kan péré láti na owó láti ojú wíńdò.

Ẹ wá gbọ́ ti Tropicana, torí òun gan-an ló já ọ̀rọ̀ akẹgbẹ́ wa. Omi ọsàn ni, ti PepsiCo ló sì jẹ́ nígbà náà. Láti ọdún pípẹ́ ni àwòrán ọsàn kan ti wà lára páálí rẹ̀ tí wọ́n ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ lára. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n yọ ọsàn yẹn kúrò, wọ́n fi gíláàsì omi ọsàn ńlá kan rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà padà. Peter Arnell àti iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Kí oṣù kejì tó parí, ọjà ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 wálẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé, wọ́n ń pe fóònù, wọ́n ní ó dà bí ọjà pọ́ọ́kú tí wọn ò mọ ẹni tó ṣe é. Ni iléeṣẹ́ bá kéde pé àwọn máa dá páálí àtijọ́ padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Omi ọsàn yẹn ò yí padà. Tó bá jẹ́ ohun tó wà nínú nìkan làwọn èèyàn ń rà, kí ló gbé ìdá 20 lọ? Àwọn kan máa sọ pé ojú kàn mọ́ ti tẹ́lẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá kan. Èmi rí nǹkan míì. Ọsàn tí wọ́n ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ ń sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni láàárín ìwọ àti igi ọsàn, kó o ṣáà fà á mu. Gíláàsì ń sọ pé ẹnì kan ti bù ú sílẹ̀. Ta ni? Ìgbà wo ló bù ú? Ká má fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n ṣá, wọ́n ṣe ìdérí kan tó rí bí ìlàjì ọsàn, tó jẹ́ pé bí o bá ń yí i, bí ẹni tó ń fún ọsàn ló ṣe máa rí. Ìyẹn dáa, ó dáa gan-an. Ó kàn jẹ́ pé ìdérí kéré, gíláàsì ló gba gbogbo ojú páálí.

Mi ò tíì gbọ́ ìtàn Tropicana nígbà tí mo ṣe tèmi. Ìbá dáa ká ní mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀pà onígò ni màámi ń tà ní gáréèjì, láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Nígbà tí mo wọ ọdún kejì níbí, mo kọ́ CorelDRAW, orí mi sì wú. Mo sọ fún un pé ìgò ọtí ò bóde mu mọ́, pé bí a bá di ẹ̀pà náà bó ṣe yẹ, wọ́n máa rà á ní ìlọ́po méjì. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ṣé o dá a lójú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó yọ ₦40,000 nínú owó àjọ rẹ̀ fún mi, mo sì lọ títí dé Ṣómólú lọ tẹ igba páálí. Àwọ̀ ewé ni mo lò, mo ya ẹ̀pà kan tó ń rẹ́rìn-ín, mo kọ “Ẹ̀pà Aládùn” gàdàgbà sí i. Ó rẹwà. Títí dòní mi ò ní parọ́, ó rẹwà.

Ìbéèrè tí wọn ò bi màámi rí láti ọjọ́ tó ti ń tajà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í: “Ìyá, kí ló wà nínú ẹ̀?” Ó di pé kó máa ṣàlàyé. Wọ́n á gbà á, wọ́n á mì ín létí, wọ́n á dá a padà. Bàbá kan já tiẹ̀ lójú ibẹ̀, ó ní kò kún, ó gba owó rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, òróró ti ń yọ lára páálí, ẹ̀pà tó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu ti rọ̀ bí ẹ̀pà sísè. Nínú igba, méjìdínlógójì ló tà. Màámi ò bínú, èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Ó kàn ní, “Ẹ̀pà tí mo yan, tí mo fẹ́, o wá lọ fi pa mọ́.” Èyí tó kù, òun ló fi ń dáná.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó wo ìgò ẹ̀pà dáadáa, bí ẹni ń ka ìwé tó máa ṣèdánwò lórí ẹ̀. Màámi á rẹ ẹ̀pà sínú omi iyọ̀, á sá a, á yan án pẹ̀lú iyanrìn gbígbóná, á ra èèpo rẹ̀ dànù, á fẹ́ ẹ, á ṣa èyí tó jó àti èyí tó là kúrò. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ nìyẹn. Ìgò náà, á rẹ ẹ́ kí bébà rẹ̀ lè ṣí, á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, á dorí rẹ̀ kodò sínú oòrùn, torí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ti tó láti ba gbogbo ẹ̀pà jẹ́. Tó bá ń rọ ọ́, á máa rọra fi ìdí ìgò gbá aṣọ tó ṣẹ́ po, kí ẹ̀pà lè jókòó, á tún rọ sí i títí á fi dé ọrùn.

Gbogbo iṣẹ́ yẹn pátá, ojú oníbàárà tó o. Kò sí èèpo, kò sí àlàjì, kò sí dúdú. Ó rí ibi tó kún dé, kò sí pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ọrùn ìgò há, kò sẹ́ni tó máa ki ọwọ́ ìdọ̀tí bọ̀ ọ́, ńṣe ni wàá dà á sátẹ́lẹ́wọ́, wàá dà fún ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú mọ́tò náà. Ìdérí rẹ̀ mú afẹ́fẹ́ dání. Tí oòrùn bá ta sí i lórí àtẹ, àwọ̀ ẹ̀pà yẹn á máa dán bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Kò sí iléeṣẹ́ tó yà á, kò sí ìdíje, a ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a ṣe. Lójú tèmi, ó ṣe ohun tí páálí Fukasawa ń ṣe, ó sì ń tà ní gáréèjì.

Mi ò sọ pé kò lálèébù. Ìgò wúwo, ó ń fọ́. Kò sí déètì lára ẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, ẹni tó rà á ò sì mọ ibi tí ìgò yẹn ti ń bọ̀. Bó bá ti gbé kẹrosíìnì rí ńkọ́? Màámi máa ń gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ní imú màámi. Ìgò gan-an ti wọ́n, torí ọ̀pọ̀ ọtí ti wà nínú ike àti ọ̀rá báyìí. Àwọn kan ti ń rọ ẹ̀pà sínú ike. Ó fúyẹ́, àmọ́ tí oòrùn bá pa á, ó máa ń súnkì, ẹ̀pà inú rẹ̀ á sì máa rùn bí ike.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ya bébà kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ. Orúkọ màámi, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ọjọ́ tó yan ẹ̀pà ló wà níbẹ̀, okùn ni mo ní ká fi so ó mọ́ ọrùn ìgò kó má bo nǹkan kan. Mo gbé e lọ bá a nílé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé èló ni. Mo ní mo ti fi owó ara mi ṣe àádọ́ta. Ó ní kí n gbé e sórí tábìlì, pé tí òun bá ti san àjọ oṣù yìí tán, òun á wò ó.