Eré Roots àti Ohun tí Àwọn Òǹwòran Rò nípa Rẹ̀

Alẹ́ mẹ́jọ léraléra ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà fi ṣe àfihàn eré Roots, láti ọjọ́ 23 títí di ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1977. Inú ìwé tí Alex Haley tẹ̀ jáde ní ọdún 1976 ni wọ́n ti fa eré náà yọ: ìtàn Kunta Kinte, ọmọ Mandinka láti abúlé Juffure ní Gambia, tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n sì kó kọjá òkun lọ sí Virginia, àti ìtàn àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ó wo apá ìkẹyìn tó bí 100 mílíọ̀nù. Níbi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, ohùn wọn kò lè ṣọ̀kan.

Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ayọ̀ ni ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tí ì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n rí pé ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú ní bàbá, ó ní ìyá, ó sì ní ìlú tí ó ti wá. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ tuntun ní Kizzy, orúkọ ọmọbìnrin Kunta. Àwọn mìíràn ń wá ìran wọn kiri nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́. Àwọn kan ní eré náà ń ru ìkórìíra sókè. Ẹ̀sùn yìí kò tẹ̀wọ̀n. Èyí tí ó tẹ̀wọ̀n ni ti àwọn tí ó tọ́ka sí ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú, Davies, tí Ed Asner ṣe. Àwọn olùṣe eré fún un ní ẹ̀rí-ọkàn tí ń dá a lẹ́bi, kí ó lè rọrùn fún òǹwòran aláwọ̀ funfun láti jókòó wò ó. Ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kò jèrè kankan nínú ẹ̀rí-ọkàn bẹ́ẹ̀.

Ìran tí gbogbo ènìyàn kò lè gbàgbé ni ibi tí wọ́n ti na Kunta, tí LeVar Burton ṣe, títí ó fi fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Toby. Kò sí Nàgó tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún: ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹni tí ó bá sì gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ ti ya á kúrò lára ilé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí díẹ̀ nínú àwọn òǹwòran ni ó fiyè sí. Ní Juffure inú eré náà, Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá, ìyá àti àwọn àgbà ń sọ. Orúkọ ènìyàn àti ẹyọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó kù nínú èdè Mandinka, bí Kamby Bolongo, orúkọ odò tí Haley ní àwọn ìyá àgbà ìdílé òun ń pè láti ìran dé ìran. Kí pàṣán tó gba orúkọ lẹ́nu Kunta, eré náà ti gba èdè lẹ́nu rẹ̀. Òǹwòran kò sì lè gbọ́ bí ó ti rí kí ènìyàn dé àárín àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀.

Oluale Kossola, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis, mọ bí ó ti rí. Agbègbè Bantè ni àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ó ti wá. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni ó mú un, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Mobile ní Alabama ní ọdún 1860. Zora Neale Hurston gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ ní ọdún 1927 àti 1928. Nígbà tí òǹtẹ̀wé kan ní kí ó yí ọ̀rọ̀ bàbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó gún régé, ó kọ̀, ìwé Barracoon kò sì jáde títí di ọdún 2018. Ohun tí Hurston dáàbò bò yẹn gan-an ni Roots jọ̀wọ́ fún ìrọ̀rùn òǹwòran.

Ìjà tí ó kù dá lórí òtítọ́. Haley sọ pé ìran òun gan-an ni òun kọ. Ní ọdún 1981, Gary Mills àti Elizabeth Shown Mills fi hàn pé Toby ti wà nínú àkọsílẹ̀ Virginia kí ọkọ̀ Lord Ligonier, tí Haley ní ó gbé Kunta wá, tó gúnlẹ̀ ní 1767. Àwọn òǹwòran kan wí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Àwọn mìíràn ní kò já mọ́ nǹkan. Ìpinnu méjèèjì yá jù. Òwò ẹrú kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìran tí a kò rí ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ní Kétu àtijọ́, ọ̀pìtàn tí ó bá ka ìtàn ìlú ní àṣìkà nígbà tí ọba tuntun ń jẹ yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó ròyìn fún Haley ní Juffure kò ní irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀. Olùgbọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́ kí ó tó dé.

Wọ́n tún eré náà ṣe ní ọdún 2016, Malachi Kirby sì ni Kunta. Juffure kò rí bí abúlé tí kò mọ ohun tí ń lọ ní ayé mọ́. Ó ti di ìlú etí odò tí òwò ń kọjá nínú rẹ̀, èyí sì sún mọ́ ohun tí ìtàn wí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì ń sọ níbẹ̀ jù.