Àkùkọ Kì í Dúró De Ìmọ́lẹ̀

Bí òwìwí bá ké lóru, kò yani lẹ́nu. Òru ni ọ̀sán rẹ̀. Àkùkọ ni ká bi léèrè, torí kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, síbẹ̀ ó ń kọ. Ní àdúgbò Crusher, ní Lọ́kọ́ja, ìdájí ni àwọn àkùkọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára, kí ẹ wá wo èyí tó wọ̀ sórí igi máńgòrò.

Á kọ́kọ́ dìde, á fi èékánná di ẹ̀ka mú. Á lu apá mọ́ ìhà: pà, pà, pà. Á na ọrùn sókè, ìyẹ́ ọrùn á ṣí, àyà á wú, ẹnu á là gbàgà. Igbe àkọ́kọ́ kúrú, èkejì kúrú, ẹ̀kẹta ga, ìkẹyìn ló ń gùn, títí èémí á fi tán tí ọrùn á rọ̀ wálẹ̀.

Ohùn yẹn kì í ti gọ̀gọ̀ńgọ̀ wá bíi tiwa. Inú àyà lọ́hùn-ún ni, níbi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì kó tó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń mú gbọ̀n. Etí rẹ̀ ló wù mí jù. Ìwádìí kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, tó jáde ní 2018, fi hàn pé igbe náà lé ní 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì létí àkùkọ fúnra rẹ̀, àti pé bó bá ti la ẹnu tán, ihò etí rẹ̀ á pa dé. Alágbẹ̀dẹ wo ló ń dí etí ara rẹ̀ báyìí kó tó lu irin?

Ta ló wá ń sọ fún un pé àkókò tó? Ní Yunifásítì Nagoya, ní Japan, Tsuyoshi Shimmura àti Takashi Yoshimura fi àwọn àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí bàìbàì tọ̀sán-tòru. Wọ́n ṣì ń kọ nígbà tó yẹ kí ilẹ̀ máa mọ́: aago wà nínú ara wọn. Ọdún 2013 ni ìwádìí náà jáde. Ìmọ́lẹ̀ àti igbe àkùkọ mìíràn lè mú un kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìdájí bá ti súnmọ́ ni wọ́n ń tètè mú un. Bí iná mànàmáná bá dé láago 1 òru, ó lè kọ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́.

Ní 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé náà tún rí i pé ipò ni àwọn àkùkọ fi ń kọ. Ọ̀gá inú agbo ló ń ṣáájú, igbákejì á tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ títí dórí ẹni tó kéré jù. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá kúrò, igbákejì ló ń bẹ̀rẹ̀. Nínú agboolé kan ṣoṣo pàápàá, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ náà: ohùn tó ki ló ń jáde ṣáájú. Ọmọ àkùkọ tí ogbe rẹ̀ ò tíì pọ́n dáadáa ló ń kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ á ṣẹ́ níbi tó yẹ kó gùn, á sì tún un kọ.