Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá rí ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba wa. Ẹ jẹ́ kí a ka ìwé náà bí a ti ń ka ewì, kí a gbọ́ ohùn tí ó ń fọ̀. Ó ń bèèrè bóyá olùkọ́ ń tètè dé, bóyá ó ń gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu, bóyá ó ti gba ìwé ẹ̀rí kún ìwé ẹ̀rí. Kò jìnnà rárá sí èyí tí a fi ń wo akọ̀wé ọ́fíìsì. Ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ gba olùkọ́ síṣẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀.

N kò lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi kí n yọ ara mi sílẹ̀. Nígbà kan, wọ́n rán mi lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ìwé ìgbaradì ẹni àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní. Ó kà á sókè, àwọn ọmọ dà á kọ, agogo lù. Máàkì rẹ̀ pọ̀. Ìwé ti ẹnì kejì kò pé, ṣùgbọ́n àlọ́ àpamọ̀ ni obìnrin náà ń kọ́ wọn. Ó pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, ó ní kí apá kan máa pàlọ́ fún apá kejì. Ọmọdékùnrin kan tí ó ti dákẹ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dìde, ó pa àlọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá. Kò sí ẹni tí ó lè já a, èmi pàápàá kò lè já a. Nígbà tí mo ṣí ìwé mi, n kò rí ibi tí mo lè kọ ọmọ náà sí. Obìnrin náà gba máàkì tí ó kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́. Títí di òní, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú máa fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ díwọ̀n olùkọ́. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe fún Èkó àti Gold Coast ní ọdún 1882 so apá kan owó ìrànwọ́ ilé-ìwé mọ́ bí àwọn ọmọ bá ṣe yege sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú àṣà náà wá, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1862. Àkọ́sórí ni ó bí níbẹ̀, wọ́n sì pa á tì kí ọ̀rúndún náà tó parí.

Ẹ̀wẹ̀, ní 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹrin. Ìjọba ní àwọn 21,780 ni kò yege, ó sì ní òun yóò lé wọn. N kò gbè sẹ́yìn olùkọ́ tí kò mọ̀wé. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ta ni ó ń buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò wọn láti ọdún dé ọdún?

A ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ. Láti mọ̀ bóyá ó yọrí sí rere, ọmọ ni wọ́n wò, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó.

Ọ̀gá onílù kì í dúró de ìparí ọdún kí ó tó mọ bí ọmọṣẹ́ òun ṣe ń ṣe sí. Ó ń jókòó tì í, ó ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-ìwé máa jókòó sí kíláàsì bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó rí fún olùkọ́ kí ó tó fi máàkì kankan sínú ìwé. Nígbà náà ni ọmọdékùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn yóò tó rí ibi tí a ó kọ ọ́ sí.