Omi Rú, Igi Rúwé

Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi mímu lódò a máa jí lọ ní kùtùkùtù, kí àwọn ọmọdé tó dé. Lásìkò yẹn, omi á ti tòrò débi pé èèyàn á máa rí yanrìn nísàlẹ̀ àti ewé tó ti ń rà sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kan péré ti tó. Ẹrẹ̀ á gbéra nílẹ̀, á tàn ká, omi á sì rú. “Ẹ má rú omi o!” làwọn ìyá máa ń ké láti òkè bèbè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rú yìí ti dùn mọ́ mi jù, nítorí kò sí ẹni tó bu ohunkóhun sínú omi náà. Ohun tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló gòkè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Àwọn ohun tó mọ̀ ló dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ìlú pẹ̀lú a máa rú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dàrú ní Ìbàdàn: àga ń fò, ọlọ́pàá sì fi tajútajú lé àwọn aṣòfin jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga sókè, aáwọ̀ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group. Ìrúkèrúdò la ń pe irú rẹ̀, ẹni tó bá sì fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa á gbọ́ òkè àti odò nínú rẹ̀. A tún ní adàlúrú, a ní arúfin.

Síbẹ̀, inú mi ń dùn pé ọ̀rọ̀ kan náà ló bọ́ sẹ́nu wa nígbà tí igi bá yọ ewé. Àràbà a máa wọ́wé lọ́gbẹlẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ á gbẹ fúrúfúrú, àlejò á tiẹ̀ rò pé ó ti kú. Tó bá yá, nǹkan ṣóńṣó a yọ lára igi gbígbẹ, ewé múlọ́múlọ́ á tú jáde. Igi ti rúwé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá fi bá ọmọ wí lódò ló fi ń kí igi káàbọ̀, kò sì dà bí ohun àjèjì létí ẹnikẹ́ni. Rírú náà la ń rú ẹbọ.

Ohùn òkè ni rú; tí ohùn bá wálẹ̀ díẹ̀ sí àárín, ó di ru: òkun ń ru, ẹ̀jẹ̀ ń ru. Bí nọ́ọ̀sì bá so ẹ̀rọ mọ́ apá, tó rí 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wí. Tí ohùn bá tún relẹ̀ sí i, ó di rù, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹran ara rẹ̀ ti fà.

Nítorí náà ni ó fi ń dùn mí bí àwọn ìwé ìròyìn wa bá tẹ “o ru” lásán láìfi àmì sí i. Ta ni yóò mọ̀ bóyá omi ló rú, òkun ló ru, tàbí ọmọ ló rù? Kí àwọn olótùú wa jọ̀wọ́ fi àmì sí i fún wa.