Iyè tí Kì í Rántí: Àríwísí lórí Èdè Ìwé Linux Device Drivers

Ìwé Linux Device Drivers, iṣẹ́ ọwọ́ Corbet, Rubini àti Kroah-Hartman, tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, kì í ṣe irú ìwé tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Orí kẹsàn-án rẹ̀ ni ó kàn wá níhìn-ín, níbi tí a ti ṣàlàyé bí dráífà ṣe lè bá ohun èlò kan náà ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ti kìlọ̀ pé rẹ́jísítà kì í ṣe iyè, ìkìlọ̀ yìí sì ni ó níye lórí jù nínú orí náà. Ohun tí a bá kọ sí iyè ni a óò kà padà. Ti rẹ́jísítà yàtọ̀: kíkà lásán lè pa ohun tí a kà rẹ́, kíkọ sí i sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpáílà bá ṣí kíkọ àti kíkà nípò padà kí iṣẹ́ lè yá, kò ṣe iyè ní nǹkan, ṣùgbọ́n ohun èlò lè ṣiṣẹ́ òdì. Síbẹ̀, orúkọ iyè ni wọ́n ṣì ń pè é. Àwa tí a ń túmọ̀ rẹ̀ sí ‘ìrántí’ tún dá kún ọ̀ràn náà: ta ni ó rántí nǹkan tán tí ìrántí rẹ̀ parẹ́ nítorí pé ó rántí?

Lórí orúkọ ni a kò ti gbà pẹ̀lú wọn. Lẹ́tà l nínú readl dúró fún long. Lórí Linux oníbíìtì 64, long ti di bíìtì 64, readl kò sì ka ju 32 lọ. (Ọ̀kẹ́ ṣì jẹ́ 20,000 lẹ́yìn tí owó ẹyọ kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ kò yí iye padà mọ́ wa lọ́wọ́.) Àwọn òǹkọ̀wé jẹ́wọ́ pé orúkọ náà kò tọ́ mọ́, wọ́n ní àtúnsọ yóò dá rúdurùdu tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwáwí ni èyí, nítorí pé nínú orí kan náà ni wọ́n ti ní kí a máa lo ioread32, tí iye bíìtì hàn lára orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tuntun láìsọ ọ́ jáde.

NetBSD ti ṣe é kedere ṣáájú wọn: nínú bus_space_read_4, 4 ni iye báìtì, kò sí lẹ́tà tí ó ń díbọ́n. Ó sì pe ibi tí a ń kà ní ààyè, kò pè é ní iyè. Èyí ni a fara mọ́ fún Yorùbá, ‘ààyè ohun èlò’, nítorí pé ààyè kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé òun yóò rántí.