Ohun tí "Ìjà Orè" Kò Sọ

Bí nǹkan bá ká Yorùbá òde òní láyà, yálà owó ilé ìwé ọmọ ni o, tàbí ìdánwò, tàbí orogún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kì í pẹ́ tí yóò fi wí pé, "Ó le kú, ìjà Orè!" Lójú ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ ọ́, ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò jẹun lọ́nà Benin ni Orè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wò ó, àkànlò èdè yìí pegedé. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. "Kú" tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ikú mọ́. Bí nǹkan ṣe le tó ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó kú níbẹ̀ kú ní ti gidi. Ṣùgbọ́n "ìjà" ni ó kọ mí lóminú jù. Òótọ́ ni pé inú ogun ni ìjà wà. Síbẹ̀, ojúlùmọ̀ ni ó ń bá ojúlùmọ̀ jà. Bí a bá gbọ́ ìjà, à ń wá ẹni tí yóò là á. Bí a bá gbọ́ ogun, a ó béèrè ẹni tí ó fi ìbọn ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra la Odò Ọya kọjá, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dorí kọ Èkó. Orè ni a ti dá wọn dúró. Ẹni tí ó ń darí wọn ni Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, Biafra fúnra rẹ̀ ti yìnbọn pa á. Ẹni tí ó bá ń fi Orè pìtàn ìjà Yorùbá àti Ìgbò, kí ni yóò ṣe ti Bánjọ?

Kí ni wọ́n sì ń bá ara wọn fà? Kí ọta ibọn tó dún ní Orè, Gowon àti Ojukwu ti jọ ń béèrè owó epo lọ́wọ́ Shell-BP. Kí oṣù Keje tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti gba Bonny, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń gbé epo. Gẹ̀ẹ́sì ń ta ohun ìjà fún Èkó. Ìjọba Sófíẹ̀tì, ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì níbi gbogbo, ń kó ọkọ̀ òfuurufú ogun wá fún Èkó kan náà. Faransé gba ẹ̀yìnkùlé: Abidjan àti Libreville ni ohun ìjà ń gbà dé ọ̀dọ̀ Biafra. Houphouët-Boigny àti Bongo, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ń ṣèjọba lábẹ́ wọn, sì gba Biafra ní orílẹ̀-èdè nínú oṣù Karùn-ún, ọdún 1968. Èkó náà kò lè bú wọn: ìjọba ológun ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣóyínká kọ *The Man Died* ní 1972, Ọbásanjọ́ kọ *My Command* ní 1980, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Ní 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi *Ó Le Kú* sọ orúkọ ìtàn Àjàní àti àwọn obìnrin rẹ̀ ní Ìbàdàn. N kò ní í pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé tí mo fẹ́ràn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbólóhùn náà ti yára tó láti fi Orè sílẹ̀ kí ó lọ máa ṣeré ìfẹ́.

Bẹ́ẹ̀, epo kò jìnnà sí Orè rárá. Ní Àgbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó tí Orè jẹ́ olú ìlú rẹ̀, bítúmẹ̀nì wà nínú ilẹ̀. Láti 1908 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń wa epo ní agbègbè yẹn, tí ìjọba amúnisìn sì yá a lówó, títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé ní 1914 tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ogun àwọn aláwọ̀ funfun ti ba iṣẹ́ jẹ́ ní Odigbó, ó ku ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí ìbọn tó dún ní Orè. N kò tíì gbọ́ àkànlò èdè kan tí a fi ìyẹn pa.